Ohun Tẹ́ Ẹ Bá Sọ Lórí Tẹlifíṣọ̀n, Ẹ Gbé E Wá Sí Kóòtù

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìwé ìròyìn yín, mi ò kọ lẹ́tà sí yín rí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun tipẹ́tipẹ́, mi ò lè gbé e mì mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dá lórí ohun tí ìjọba máa ń ṣe tí wọ́n bá ti mú ẹnì kan tí wọ́n sì ti pè é ní agbésùnmọ̀mí. Ibi gbogbo láyé ló ti ń ṣẹlẹ̀, àmọ́ Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni màá máa tọ́ka sí jù, torí tiwọn wà lákọsílẹ̀, kóòtù wọn kọ ọ́, àwọn tí wọ́n ní kó wádìí kọ ọ́, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun tó ń dùn mí rèé. Ìjọba á mú èèyàn lónìí, tó bá dọ̀la wọ́n á bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á ní ọkùnrin yìí fẹ́ pa ìlú rẹ́, gbogbo ayé á gbọ́, àyà á já tọmọdé tàgbà. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan ẹjọ́ á wá dé kóòtù, ẹ ó ṣí ìwé ẹ̀sùn, ẹ ó wá ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ lórí tẹlifíṣọ̀n níjọ́sí nínú ẹ̀, ẹ ò ní rí i. Kò sì sẹ́ni tó máa padà síwájú kámẹ́rà kó ní ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, ohun tá a sọ níjọ́ yẹn, a ò rí ẹ̀rí ẹ̀ kó jọ.

Ẹ jẹ́ ká mú ti Jose Padilla. Brooklyn ní New York ni wọ́n bí i sí, ọmọ Amẹ́ríkà ni, kò bá pásípọ́ọ̀tù ẹlòmíì wọlé. Ní ọjọ́ 8 oṣù May, 2002, ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú ní O'Hare ní Chicago, àwọn FBI, ìyẹn ọlọ́pàá ìwádìí ìjọba àpapọ̀ wọn, ti ń dúró dè é níbẹ̀. Wọn ò kọ́kọ́ fẹ̀sùn kankan kàn án, wọ́n ní ẹlẹ́rìí lásán ni, pé àwọn fẹ́ kó wá sọ ohun tó bá mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ September 11, 2001, ọjọ́ táwọn agbésùnmọ̀mí kọlu Amẹ́ríkà. Wọ́n gbé e lọ sí New York, adájọ́ yan lọ́yà fún un, wọ́n dá ọjọ́ 11 oṣù June pé káwọn wá síwájú adájọ́ kí lọ́yà lè béèrè pé kí ló dé tẹ́ ẹ fi tì í mọ́lé. Dé bí mo ṣe sọ ọ́ yìí, nǹkan ṣì ń lọ bó ṣe yẹ kó lọ. Ló bá di ọjọ́ 9, ó ku ọjọ́ méjì péré kí adájọ́ gbọ́ ọ, Ààrẹ Bush buwọ́ lu ìwé kan tó ní ọ̀tá ojú ogun ni Padilla, ni àwọn sójà bá wá gbé e, ó di àtìmọ́lé àwọn ológun ojú omi ní Charleston, South Carolina. Ó kúrò lọ́wọ́ kóòtù bẹ́ẹ̀. Lọ́yà ẹ̀ ò fojú kàn án mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, John Ashcroft tó jẹ́ Attorney General wọn, ìyẹn mínísítà ètò ìdájọ́, wà ní Moscow, ó rìnrìn àjò iṣẹ́ lọ síbẹ̀, kò dúró kó dé ilé, láti Moscow níbẹ̀ ló ti bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n tó ní àwọn ti tú àṣírí ète kan tí wọ́n fẹ́ fi ju dirty bomb sí Amẹ́ríkà, ìyẹn bọ́ǹbù tó máa ń fọ́n èròjà onítànṣán olóró ká tó sì lè pa èèyàn díẹ̀díẹ̀. Ẹ rántí pé oṣù mẹ́sàn-án péré lẹ́yìn September 11 ni o, nǹkan bí 3,000 èèyàn ló kú lọ́jọ́ yẹn, ojú ogbẹ́ ò tíì jiná. Ta ló máa gbọ́ bẹ́ẹ̀ tí kò ní sọ pé kí wọ́n sọ kọ́kọ́rọ́ yàrá ọkùnrin náà sínú òkun? Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, Paul Wolfowitz, igbákejì mínísítà ètò ààbò wọn, ẹni tí kò fi ọ̀rọ̀ ogun ṣeré rárá, òun fúnra ẹ̀ sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé òun ò rò pé ète gidi kan wà níbẹ̀ kọjá ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, inú ìjọba kan náà, láàárín ọjọ́ méjì! Èwo nínú méjèèjì làwọn èèyàn rántí? Ti Moscow ni. Ẹyin lohùn, tó bá ti bọ́ kò ṣeé kó.

Padilla lo ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀ lọ́wọ́ àwọn sójà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì nínú ẹ̀ tí kò rí lọ́yà. Òun nìkan ló wà ní apá ibi tí wọ́n tì í mọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí mi ò lè gbàgbé láéláé, torí fọ́tò ẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ní ìparí 2006. Eyín ń dùn ún, wọ́n fẹ́ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín, nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n yẹn náà o, kì í ṣe pé ó ń jáde lọ síbì kankan. Àwọn ẹ̀ṣọ́ dé pẹ̀lú akoto lórí, wọn ò jẹ́ kó rí ojú wọn, wọ́n de ẹsẹ̀ ẹ̀ ní ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ láti ojú ihò ilẹ̀kùn kí wọ́n tó ṣí i, wọ́n dè é lọ́wọ́, wọ́n wá fi awò dúdú bò ó lójú kó má lè rí nǹkan kan, wọ́n fi nǹkan dí i létí kó má lè gbọ́ nǹkan kan. Lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín. Ẹni tí kóòtù kankan ò tíì dá lẹ́bi ni wọ́n ń ṣe báyìí, ọmọ ìlú wọn. Mo wo fọ́tò yẹn títí, mo ní kí ni wọ́n ń bẹ̀rù pé ó máa rí lọ́nà?

Nígbà tí ẹjọ́ wá ń gun òkè lọ, ìjọba tún yí ohùn padà. Ní oṣù June 2004, nígbà tí kóòtù tó ga jù lọ ń ro ẹjọ́ náà lọ́wọ́, ìjọba pe àwọn oníròyìn jọ, wọ́n ní ilé alájà púpọ̀ ni Padilla fẹ́ fi gáàsì fọ́ túútúú, wọ́n ní ẹnu ẹ̀ ni àwọn ti gbọ́ ọ. Ẹnu ẹni tí wọ́n dá tì mọ́lé tí wọ́n ń bi léèrè ọ̀rọ̀ láìsí lọ́yà níbẹ̀ ni o! James Comey, igbákejì Attorney General, tó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà jẹ́wọ́ pé tó bá jẹ́ pé kóòtù làwọn gbé e lọ látìbẹ̀rẹ̀ ni, lọ́yà á sọ fún un pé kó panu mọ́, ó sì ṣeé ṣe kó gba ilé ẹ̀ lọ. Èmi tí mo gbọ́ ọ, ohun tó yé mi nínú ẹ̀ ni pé ìjọba ń sọ pé ẹ̀tọ́ tí òfin fún èèyàn ló di àwọn lọ́wọ́, ìdí nìyẹn táwọn fi gbé e gba ẹ̀yìnkùlé. Kóòtù tó ga jù lọ wá dá ẹjọ́ Padilla nù lóṣù yẹn náà, adájọ́ 5 nínú 9 ní kóòtù tí wọ́n kọ́kọ́ pe ẹjọ́ sí kì í ṣe èyí tó yẹ. Èèyàn wà ní túbú, wọ́n ní ẹnu ọ̀nà tó gbà wọlé ni kò dáa, kó lọ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan náà wọ́n dá ẹjọ́ ọmọ Amẹ́ríkà kejì, Yaser Hamdi, tí wọ́n mú ní Afghanistan. Tìyẹn, wọ́n ní ó ní ẹ̀tọ́ kó rí ìdí tí wọ́n fi tì í mọ́lé kó sì fèsì níwájú ẹni tí kò ṣojúsàájú. Adájọ́ Sandra Day O'Connor sọ níbẹ̀ pé ogun tó wà nílẹ̀ kò sọ pé kí Ààrẹ gba ṣẹ́ẹ̀kì òfìfo tó lè kọ ohun tó bá wù ú sí. Ẹ wá wo ohun tó tẹ̀ lé e. Hamdi yìí tí wọ́n ní ewu ẹ̀ pọ̀ débi pé kò gbọ́dọ̀ rí lọ́yà, kò tó oṣù mẹ́rin sígbà yẹn tí wọ́n tú u sílẹ̀, tí wọ́n gbé e lọ sí Saudi Arabia, ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹ̀ ni pé kó fi ìwé ọmọ Amẹ́ríkà sílẹ̀. Ṣé ewu ọ̀hún sá lọ ni, àbí kò fìgbà kankan tó bí wọ́n ṣe sọ ọ́?

Ti Padilla ń lọ. Nígbà tó di November 2005, tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí ìjọba lọ fèsì ní kóòtù tó ga jù lọ lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ṣàdédé fẹ̀sùn kàn án ní kóòtù lásán ní Miami. Kí ló wà nínú ẹ̀sùn náà? Pé ó dìtẹ̀ pẹ̀lú àwọn kan láti lọ pààyàn nílẹ̀ òkèèrè, pé ó ran àwọn agbésùnmọ̀mí lọ́wọ́. Dirty bomb ńkọ́? Kò sí. Gáàsì tó fẹ́ fi fọ́ ilé ńkọ́? Kò sí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi dẹ́rù ba odidi orílẹ̀-èdè, wọn ò kọ lẹ́tà kan ṣoṣo nípa ẹ̀. Inú bí Adájọ́ Michael Luttig, ẹni tó ti dájọ́ fún ìjọba ní oṣù mélòó kan ṣáájú pé wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti ti Padilla mọ́lé o, òun náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé ohun tí ìjọba ṣe yìí á mú káwọn èèyàn máa rò pé àṣìṣe ni wọ́n fi ti ọkùnrin náà mọ́lé ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn.

Mi ò sọ pé Padilla ò ṣẹ̀ o, ẹ má kà mí sódì. Àwọn ìgbìmọ̀ ará ìlú tó jókòó gbọ́ ẹjọ́ náà ní Miami dá a lẹ́bi ní August 2007, adájọ́ fún un ní ọdún 17 àti oṣù 4, nígbà tó yá wọ́n tún sọ ọ́ di ọdún 21. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbọ́ tẹnu ìjọba, wọ́n gbọ́ ti lọ́yà ẹ̀, wọ́n dájọ́. Ìbéèrè mi ni pé kí ló dé tí wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2002? Ó ṣe tán, ìjọba Bush yìí kan náà mú Richard Reid ní December 2001, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fẹ́ ṣáná sí bàtà ẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú tó ń bọ̀ láti Paris sí Miami. Bọ́ǹbù wà nínú bàtà ọkùnrin yẹn gan-an. Èyí ò sí nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, ẹsẹ̀ ẹ̀ ló wà! Kóòtù lásán ní Boston ni wọ́n gbé e lọ, ó ní lọ́yà, ó gbà pé òun jẹ̀bi, nígbà tó máa di January 2003 wọ́n ti fún un ní ẹ̀wọ̀n gbére, ó wà níbẹ̀ dòní. Kò ju oṣù mẹ́tàlá lọ. Àlejò tó gbé bọ́ǹbù wọ̀ sẹ́sẹ̀, kóòtù. Ọmọ onílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò rí bọ́ǹbù lọ́wọ́ ẹ̀, àtìmọ́lé sójà. Bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn òǹkàwé yín bá lè ṣàlàyé ẹ̀ fún mi, kó jọ̀ọ́ kó kọ̀wé sí yín, màá kà á.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tá a jọ máa ń fa ọ̀rọ̀ yìí, ohun tó máa ń sọ ni pé ẹni tí kò bá jalè kì í bẹ̀rù ọlọ́pàá, pé tọ́wọ́ ẹ bá mọ́ kí ló kàn ẹ́ bóyá ìjọba ń gbọ́ fóònù ẹ tàbí wọ́n ń wọ ilé ẹ. Mo máa ń dákẹ́ torí àgbà ni, mo bọ̀wọ̀ fún un, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n dá a lóhùn níbí.

Ní ọjọ́ 11 oṣù March, 2004, bọ́ǹbù pa èèyàn tó lé ní 190 nínú àwọn ọkọ̀ ojú irin ní Madrid. Ọlọ́pàá Spain rí àpò ọ̀rá kan tí ohun tí wọ́n fi ń tanná sí bọ́ǹbù wà nínú ẹ̀, àmì ìka ẹnì kan wà lára ẹ̀, wọ́n fi ránṣẹ́ káàkiri ayé. Kọ̀ǹpútà FBI pọ orúkọ èèyàn bíi 20 jáde tí ìka wọn jọ ọ́, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ lọ́yà kan ní Oregon, òyìnbó Amẹ́ríkà, ó ti ṣiṣẹ́ sójà rí, ìdí tí àmì ìka ẹ̀ fi wà lọ́wọ́ ìjọba gan-an nìyẹn. Ó fẹ́ ọmọ Egypt, ó ti gba ẹ̀sìn Islam. Àwọn tó mọ̀ nípa ìka ní FBI wò ó, wọ́n ní òun ni, wọ́n ní kò sí iyèméjì kankan níbẹ̀. Ọlọ́pàá Spain kọ̀wé ní April pé àwọn ti yẹ̀ ẹ́ wò, kò bára mu. FBI ò gbọ́. Wọ́n wọ ilé ọkùnrin náà níkọ̀kọ̀ nígbà tí kò sẹ́nì kankan nílé, bí òfin tuntun wọn ṣe gbà wọ́n láyè, wọ́n ń gbọ́ ohun tó ń sọ. Ìyàwó àtàwọn ọmọ ń rí i pé ẹnì kan ń wọlé, wọn ò mọ ẹni tó ń wọlé. Ní ọjọ́ 6 oṣù May wọ́n mú un, òun náà gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, bíi ti Padilla. Nínú ìwé tí wọ́n gbé lọ bá adájọ́, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó máa ń lọ kírun ní mọ́ṣáláṣí. Ọkùnrin tí kò kúrò ní Amẹ́ríkà láti ọdún gbọọrọ! Ó lo ọ̀sẹ̀ méjì ní àtìmọ́lé kí Spain tó kéde pé àwọn ti rí ẹni tó ni ìka, ọmọ Algeria kan ni. Ìjọba tọrọ àforíjì lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, wọ́n san $2 mílíọ̀nù fún un ní 2006.

Ẹ̀gbọ́n mi, ọwọ́ ọkùnrin yìí mọ́. Ìka ọwọ́ tó mọ́ yẹn ni wọ́n fi mú un. Kí ni kò bá sì ti ṣẹlẹ̀ sí i ká ní Spain ò rí ọmọ Algeria yẹn? Ó sàn fún un pé orílẹ̀-èdè kejì wà nínú ọ̀rọ̀ náà tó lè sọ fún FBI pé ẹ ti ṣì í. Ẹni tí kò ní ẹni tó máa bá a sọ bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Lára àwọn tí wọ́n mú nítorí ọ̀rọ̀ Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1974 lẹ́yìn tí bọ́ǹbù pa èèyàn 21, èèyàn mẹ́fà lo ọdún 16 lẹ́wọ̀n kí kóòtù tó gbà ní 1991 pé ẹjọ́ tí wọ́n dá fún wọn kò dúró. Wọ́n lù wọ́n kí mẹ́rin nínú wọn tó buwọ́ lùwé pé àwọn jẹ̀bi. Ọdún 16, ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀ nílé ti di àgbà. Àwọn tó gbé bọ́ǹbù náà gan-an sì ń jẹun nílé wọn ní gbogbo ìgbà yẹn, ohun táwọn tó ń pariwo ààbò kì í fẹ́ gbọ́ nìyí, pé tẹ́ ẹ bá ti ti aláìṣẹ̀ mọ́lé, ẹ ti fún ẹlẹ́ṣẹ̀ láyè láti sá.

Ẹ má jẹ́ ká gbàgbé ti London. Ọjọ́ 22 oṣù July, 2005, ọlọ́pàá yìnbọn fún Jean Charles de Menezes, ọmọ Brazil tó ń ṣiṣẹ́ iná mànàmáná, wọ́n yin ín lórí lẹ́ẹ̀méje nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní Stockwell. Ẹni tí wọ́n rò pé ó jẹ́, kì í ṣe òun. Àṣìṣe lè ṣẹlẹ̀, ẹ̀rù ń ba gbogbo èèyàn nígbà yẹn, bọ́ǹbù ti pa èèyàn 52 lọ́sẹ̀ méjì ṣáájú. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ fọ́n ká ni kò jẹ́ kí n sinmi. Wọ́n ní wọ́n pè é kò dáhùn, wọ́n ní aṣọ ẹ̀ àti ìṣesí ẹ̀ ló mú kí wọ́n fura, ìròyìn gbà á, ó di pé ó wọ ẹ̀wù òtútù ńlá nínú oòrùn, ó di pé ó fo géètì. Ọ̀rọ̀ wá tú síta. Jákẹ́ẹ̀tì jín-ìnsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló wọ̀. Káàdì ẹ̀ ló fi wọlé bí gbogbo èrò, ó tiẹ̀ mú ìwé ìròyìn ọ̀fẹ́ kan dání kó tó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ọkọ̀. Ẹni tó ń mú ìwé ìròyìn tó fẹ́ kà nínú ọkọ̀! Àwọn ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ikú ẹ̀ ní 2008 sì kọ̀, wọn ò gbà pé ọlọ́pàá kígbe kìlọ̀ fún un kí wọ́n tó yìnbọn. Òkú ò lè sọ tẹnu ẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé irọ́ tí wọ́n pa mọ́ ọn yẹn burú ju bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ.

Òfin tí wọ́n ń ṣe nítorí ẹ̀ náà tún wà ńbẹ̀. Kíákíá ni wọ́n máa ń ṣe é, ìgbà tí ọkàn gbogbo èèyàn ṣì gbóná. USA PATRIOT Act, òfin ìgbésùnmọ̀mí ti Amẹ́ríkà, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àti díẹ̀ lẹ́yìn September 11 ni Bush buwọ́ lù ú, nínú àwọn Sẹ́nétọ̀ tó dìbò, Russ Feingold nìkan ló ní rárá, àwọn 98 ní bẹ́ẹ̀ ni. Tilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn bọ́ǹbù Birmingham, ọjọ́ mẹ́jọ péré. Wọ́n pe ìyẹn ní òfin onígbà díẹ̀. Ìgbà díẹ̀ náà gba ọdún tó lé ní 25, nígbà tí wọ́n sì máa pa á rẹ́, òfin tó tún fẹ̀ jù ú lọ ni wọ́n fi rọ́pò ẹ̀.

Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó wà lájà fún ìyàwó. Òfin tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2001, tí wọ́n ní torí àwọn agbésùnmọ̀mí ni, ṣé ẹ mọ ẹni tí wọ́n lò ó fún ní October 2008? Báńkì! Landsbanki ti Iceland dẹnu kọlẹ̀, ìjọba fẹ́ di owó ẹ̀ mú, òfin ìgbésùnmọ̀mí ni wọ́n yọ. Àwọn ará Iceland bínú títí, wọ́n ní ṣé agbésùnmọ̀mí làwọn ni. Ní 2005, bàbá ẹni ọdún 82 kan pariwo pé ìsọkúsọ ni nígbà tí mínísítà ń sọ̀rọ̀ lórí ogun Iraq nínú ìpàdé ẹgbẹ́ òṣèlú Labour, ẹgbẹ́ tí bàbá náà wà gan-an, wọ́n fà á jáde, nígbà tó fẹ́ padà wọlé ọlọ́pàá fi òfin ìgbésùnmọ̀mí dá a dúró. Bàbá tó sá fún Hitler wá sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà èwe ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Mo máa ń bi ara mi pé tí wọ́n bá ti lè lò ó fún báńkì àti fún bàbá arúgbó, ta ni kò ní kàn?

Wọ́n á ní àṣírí ìlú ni ẹ̀rí tó wà lọ́wọ́ àwọn, pé táwọn bá gbé e jáde ní kóòtù, àwọn tó ń ta àwọn lólobó á kú. Òótọ́ wà níbẹ̀, mi ò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà ti ṣòfin látọdún 1980 lórí bí adájọ́ ṣe máa wo ohun àṣírí láìjẹ́ pé gbogbo ayé rí i, àwọn amí wọn tó ta ìlú fún Russia ni wọ́n ti fi dá lẹ́jọ́. Ọ̀nà wà. Nígbà míì sì rèé, àṣírí tí wọ́n ń bò kì í ṣe ti olólobó. Ní Detroit, wọ́n mú àwọn ọkùnrin kan ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn September 11, ìjọba ń fi wọ́n ṣe fọ́ńté pé àwọn ti tú ilé agbésùnmọ̀mí ká, wọ́n dá méjì lẹ́bi lórí ẹ̀sùn ìgbésùnmọ̀mí ní 2003, adájọ́ tiẹ̀ bá Ashcroft wí torí pé ó ń sọ̀rọ̀ ẹjọ́ náà níta nígbà tí wọ́n ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tó di 2004, ìdájọ́ yẹn wó, ìjọba fúnra ẹ̀ ló ní kí wọ́n fagi lé e. Wọ́n rí i pé àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ti kó ẹ̀rí tó lè gba àwọn ọkùnrin náà là pa mọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti fóònù. Nígbà tí Edward Snowden tó ti bá wọn ṣiṣẹ́ tú u síta ní 2013 pé NSA, àjọ amí Amẹ́ríkà, ń kó àkọsílẹ̀ ìpè gbogbo Amẹ́ríkà jọ, ọ̀gá wọn ní ohun táwọn ń ṣe ti dá ète 54 dúró. 54! Ìwé ìròyìn gbé e. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba fúnra ẹ̀ yàn wá yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n kọ̀wé ní January 2014 pé nínú kíkó àkọsílẹ̀ ìpè jọ yìí, àwọn ò rí ẹyọ kan, nínú ọ̀rọ̀ ewu tó dojú kọ Amẹ́ríkà, tó yí àbájáde ìwádìí agbésùnmọ̀mí kankan padà. Ẹyọ kan.

Ìdí tí mo fi kọ ọ́ sí yín gan-an ló kù, Olóòtú. Ìjọba ò lè nìkan ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ̀yin oníròyìn lẹ̀ ń bá wọn gbé e. Agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Tí ìjọba ibikíbi bá kéde pé àwọn mú agbésùnmọ̀mí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ ọ́ pé wọ́n ní, ẹ fi "wọ́n ní" náà sí àkọlé níbi tí ojú ti máa rí i, ẹ má fi pa mọ́ sí ìlà kẹwàá. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn pé kóòtù wo lẹ ń gbé e lọ, ọjọ́ wo, ṣé ó ti rí lọ́yà. Ẹ kọ ọjọ́ náà sí ibì kan nínú ọ́fíìsì yín, tó bá pé oṣù mẹ́fà kẹ́ ẹ tún béèrè, tó bá pé ọdún kan kẹ́ ẹ tún béèrè, kẹ́ ẹ fi ohun tí wọ́n sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé ẹ̀sùn fún àwa òǹkàwé kí àwa náà lè fojú ara wa kà á. Tí wọ́n bá dá ẹni náà sílẹ̀, ojú ìwé tẹ́ ẹ fi ojú ẹ̀ sí nígbà tí wọ́n mú un ni kẹ́ ẹ fi ìdásílẹ̀ ẹ̀ sí, kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi bákan náà.

Ẹ lè fi ti Padilla bẹ̀rẹ̀, ó ti pẹ́ ṣùgbọ́n kò tíì bàjẹ́. Ẹ wá fọ́tò Ashcroft ọjọ́ Moscow, ẹ wá fọ́tò ọkùnrin tí wọ́n dí lójú dí létí tó ń lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín, ẹ tẹ méjèèjì pọ̀ sójú ewé kan, kẹ́ ẹ wá kọ ohun tó wà nínú ìwé ẹ̀sùn Miami sábẹ́ ẹ̀.

Èmi ni òǹkàwé yín.